Ta Ló Gé Ọ̀pá Ìwọ̀n? Gbòǹgbò Ẹ̀kọ́ Sáíkọ́lọ́jì àti Ilẹ̀ Ìbàràpá

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí, ní Igbó-Ọrà

Ọmọ Èrúwà ni mí. Ọmọ Èrúwà tí wọ́n pè wá sọ̀rọ̀ ní Igbó-Ọrà kò rìnrìn àjò. Ilé ló dé.

Inú oko ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìsinmi àkọ́kọ́ tí a gbà lẹ́yìn tí mo wọ yunifásítì, mo tẹ̀ lé bàbá mi lọ sóko ẹ̀gẹ́. Òkété ti wọ oko náà lóru, ó hú ebè mẹ́ta, ó sì jẹ ẹ̀gẹ́ inú wọn kù sílẹ̀. Bàbá mi lóṣòó, ó ń fọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀, ó ń wo ibi tí ẹran náà gbà. Kò gbé ojú sókè tó fi bi mí pé, "Kí lorúkọ ohun tí o lọ kọ́ yẹn gan-an?" Mo ní, "Sáíkọ́lọ́jì ni, Bàbá. Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn àti ìhùwàsí ènìyàn." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ta ló rí ọkàn rí, tó fi ń kọ́ ẹlòmíràn nípa rẹ̀?"

N kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí a wọlé padà, kọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ṣíwájú wa ni ìtàn sáíkọ́lọ́jì àti gbòǹgbò rẹ̀ nínú fílọ́sọ́fì. Gbogbo wa la ń kùn. A ní kí ni àwọn Gíríìkì tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ó lé fẹ́ fi ṣe fún wa? A fẹ́ mọ bí a ṣe ń tọ́jú ẹni tí ìrònú dà láàmú, àwọn olùkọ́ ń ka orúkọ òkú sí wa létí. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé ìbéèrè tí bàbá mi bi mí létí ebè ni kọ́ọ̀sì náà látòkè délẹ̀.

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò pọ̀. Gbogbo ẹ̀kọ́ tó ń wọn ènìyàn ló ní ọ̀pá tó fi ń wọ̀n. Ẹnì kan ló gé ọ̀pá náà, níbì kan, lọ́jọ́ kan, nítorí ohun kan tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá wọn ilẹ̀ rẹ tí wọ́n ní kò tó, kí o tó gbà, béèrè ọwọ́ ẹni tó gé ọ̀pá. Ẹni tó kọ́ sáíkọ́lọ́jì láìkọ́ ìtàn rẹ̀ dà bí ẹni tó gba ọ̀pá lọ́wọ́ àjèjì, tó ń fi wọn ilẹ̀ bàbá ara rẹ̀ kiri. Nǹkan mìíràn tún wà tó yẹ kó yà wá lẹ́nu: àwọn ìbéèrè tó jẹ́ gbòǹgbò ẹ̀kọ́ yìí ti wá sí Ìbàràpá. Wọ́n ti wọ Ayétẹ̀, wọ́n ti wọ Ìdèrè, wọ́n sì wà nínú Igbó-Ọrà yìí.

Orí, àyà àti ikùn

Orúkọ ẹ̀kọ́ yìí ti sọ ibi tó ti ń bọ̀. Psyche ni àwọn Gíríìkì ń pe ọkàn. Kí ó tó di ọkàn, èémí ló kọ́kọ́ jẹ́: afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde nímú ẹni tó wà láàyè. Ẹ fi etí Yorùbá gbọ́ ọ: èémí, ẹ̀mí. A kò bá wọn pàdé, wọn kò bá wa pàdé. Òkú ni àwọn àti àwa jókòó tì, a sì rí i pé mímí ló kọ́kọ́ kúrò lára rẹ̀.

Plato, ọ̀kan nínú àwọn Gíríìkì náà, pín ọkàn sí mẹ́ta, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní yàrá nínú ara. Ó fi ìrònú sínú orí, ó fi ìgboyà àti ìbínú sínú àyà, ó fi ìfẹ́ oúnjẹ àti ìfẹ́ ara sínú ikùn. Aristotle, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kò bá a lọ. Lójú tirẹ̀, ohun tó ń lù kìkì nínú àyà yìí gan-an ni ibùjókòó ìmọ̀lára. Ó lé ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún lẹ́yìn Plato kí oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Galen tó fi ẹlẹ́dẹ̀ dá ọ̀rọ̀ náà lẹ́jọ́ ní gbangba. Ẹlẹ́dẹ̀ náà ń han gooro. Galen gé iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́rùn rẹ̀, ohùn ẹlẹ́dẹ̀ sì pa lójijì. Ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà pàṣẹ fún ohùn ló já. Àwọn tó dúró níbẹ̀ fojú ara wọn rí i pé àṣẹ kò ti inú àyà wá.

Ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ ara wa bí a ti ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́. Orí rẹ̀ pé. Ó láyà. Inú bí i. Ojú tì í. Ọkàn mi balẹ̀. Orúkọ kan náà là ń pe ẹran tó ń lù nínú àyà àti ibi tí ìrònú ń gbé. Ẹgbẹ́ Aristotle la wà níbẹ̀. A sì tún ní "àyà mi já." Ní 1884, William James ní Amẹ́ríkà kọ àròkọ kan tí wọn kò tíì yé jiyàn lé lórí. Ẹni tó rí ejò lóko, ṣé ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà á kí àyà rẹ̀ tó já, àbí àyà ló já, tó wá mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun? James ní èkejì ni: ara ló ń ṣíwájú, ọkàn a wá ka ohun tí ara ṣe. Carl Lange ní Denmark sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ní 1885.

N kò wí pé àwọn baba wa ti kọ tíọ́rì James sílẹ̀ kó tó dé. Àkànlò èdè kì í ṣe tíọ́rì, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń tan ara rẹ̀. Àmọ́ irúgbìn ìbéèrè ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé inú ni ìbínú Yorùbá ń gbé, tó sì mọ̀ pé àyà ni Plato fi tirẹ̀ sí, ti ní ìbéèrè tí ọmọ Leipzig ní Jámánì tàbí Boston ní Amẹ́ríkà kò lè ṣàdédé ní.

Wárápá ní Ayétẹ̀

Ìwé kan wà tí wọ́n kà mọ́ Hippocrates, oníṣègùn Gíríìkì, tó ti wà láti nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú ìbí Kristi. Wárápá ló dá lé. Àrùn mímọ́ ni àwọn ará ìgbà náà ń pè é, wọ́n ní òrìṣà ló ń gbé ènìyàn ṣánlẹ̀. Òǹkọ̀wé náà kọ̀ jálẹ̀: kò mọ́ ju àrùn mìíràn lọ, inú ọpọlọ ló ti ń wá, ó sì ní ohun tó ń fà á bí gbogbo àrùn. Lójú mi, níbẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti kọ́kọ́ ṣí fún ẹ̀kọ́ wa.

Ẹ bá mi wá sílé wàyí. Ní àwọn ọdún 1980, Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayọ̀dé Oṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń wá àwọn tó ní àrùn ọpọlọ àti iṣan. Nínú ìwádìí kékeré tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Ayétẹ̀, ènìyàn 37 nínú 1,000 ló ní wárápá. Nígbà tí wọ́n ṣe é ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n sì yẹ ènìyàn tó lé ní 18,000 wò, bíi 5 nínú 1,000 péré ni. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Èdè kan, oúnjẹ kan, àwọn òrìṣà kan náà. Kí ló wá yà wọ́n?

Àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí ètò ìlera tí Yunifásítì Ìbàdàn gbé wá sí Igbó-Ọrà láti 1963: ìtọ́jú aláboyún, ìgbẹ̀bí tó mọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìtọ́jú ibà ọmọdé kó tó di gìrì. Bí ó bá jẹ́ òrìṣà ló ń jà, ṣé òrìṣà mọ ààlà tó wà láàárín Igbó-Ọrà àti Ayétẹ̀ ni? Ìbéèrè òǹkọ̀wé Gíríìkì yẹn gan-an ló rí èsì ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa. Síbẹ̀ ọmọ Ayétẹ̀ tó ní wárápá ṣì wà tí wọn kò jẹ́ kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun nínú abọ́ kan. Ìyá ọmọ bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́ ọ.

Èènì ní ọjà Èrúwà

Ní 1786, Immanuel Kant ti ilẹ̀ Jámánì sọ pé ẹ̀kọ́ nípa ọkàn kò lè di sáyẹ́ǹsì gidi láéláé, nítorí ìṣirò kò ní ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rí i pé Kant àti bàbá mi mọ ara wọn. Ta ló rí ọkàn rí? Ta ló lè wọ̀n ọ́n?

Ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ni Ernst Weber ní Leipzig. Ohun tó rí kò jìnnà sí ohun tí gbogbo ìyá ọlọ́jà Èrúwà mọ̀. Bí o bá ra gàrí kọ́ńgò kan, tí ìyá náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i ní èènì, ojú rẹ rí i, inú rẹ dùn. Bí o bá ra odindi àpò, tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan náà lé e, o kò ní mọ̀ pé ó fi nǹkan kan sí i. Ẹ̀kúnwọ́ kò yí padà. Ohun tí a fi lé lórí ló yí padà. Weber rí i pé kí ènìyàn tó mọ̀ pé ẹrù ti wúwo sí i, àfikún náà gbọ́dọ̀ tó ìdá kan pàtó nínú ẹrù tó ti wà níwájú. Gustav Fechner sọ èyí di ìṣirò nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1860. Ohun tí Kant ní kò ṣeé ṣe ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeé ṣe.

Ní 1879, Wilhelm Wundt ṣí yàrá ìwádìí sí Leipzig, ọdún yẹn sì ni àwọn òpìtàn fi ń ṣírò ọjọ́ orí sáíkọ́lọ́jì, ọjọ́ tí ó kúrò lábẹ́ òrùlé fílọ́sọ́fì, ìyá rẹ̀, tó kọ́ ilé tirẹ̀. Èyí ni gbogbo ìwé ń kọ́ wa. Apá tí wọ́n máa ń fò ni pé Wundt fúnra rẹ̀ mọ̀ pé yàrá ìwádìí nìkan kò tó. Láti 1900 títí di 1920 tó kú, ó kọ ìdìpọ̀ ìwé 10 lórí èdè, àṣà àti ìtàn ìwáṣẹ̀, nítorí ó gbà pé àwọn ohun tó jinlẹ̀ jù nínú ọkàn ènìyàn, láàárín àwùjọ ni wọ́n ti ń hù. Àwọn tó jogún rẹ̀ gbé irin iṣẹ́ yàrá ìwádìí, wọ́n fi ìwé 10 náà sílẹ̀. Ní 1913, John Watson ní Amẹ́ríkà tún ní kí a pa ọ̀rọ̀ inú tì pátápátá, ìwà tí ojú ń rí nìkan ni kí a máa kọ sílẹ̀. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà; Watson ní ojú nìkan lọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "nìkan," ló dá ìjà ọdún gbọgbọrọ sílẹ̀.

Omi Ìdèrè

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níbí rántí sòbìà. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn tí wọ́n kà tó ní in ní Nàìjíríà lé ní 600,000 lọ́dún kan. Ìdèrè wà lára ibi tó ti jà jù, ibẹ̀ sì ni William Brieger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ń bá àwọn ará ìlú jókòó, tí wọ́n ń béèrè ohun tí wọ́n gbà pé ó ń fà á. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé inú ara ni sòbìà ti ń wá, pé omi kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ṣé àwọn ará Ìdèrè kò gbọ́n ni? Ẹ jẹ́ ká bi David Hume, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Scotland tó tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1739. Hume ní ojú kò rí okùnfà rí. Ohun tí a ń rí ni pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e, wọ́n súnmọ́ ara wọn, ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra. Ìbámu yìí ló ń mọ́ ọkàn lára títí a ó fi máa pè é ní okùnfà. Ọmọ fọwọ́ kan iná, ó jó o. Ẹ̀ẹ̀kan péré, ó ti kọ́gbọ́n.

Ẹ wá wo sòbìà. Ènìyàn mu omi adágún tí kòkòrò kékeré wà nínú rẹ̀. Kò dùn ún. Òjò rọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó kórè ẹ̀gẹ́, ó ṣe ìsìnkú, ó sọmọ lórúkọ. Nǹkan bí ọdún kan gbáko lẹ́yìn náà, aràn funfun yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ta ni yóò rántí ife omi kan tó mu ní èṣí? Gbogbo aládùúgbò rẹ̀ ló mu omi náà, kì í ṣe gbogbo wọn ló yọ sòbìà. Gbogbo ohun tí Hume ní ọkàn fi ń mọ okùnfà ni àrùn yìí gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ìrònú àwọn ará Ìdèrè ṣiṣẹ́ bí ti gbogbo ọmọ aráyé ṣe ń ṣiṣẹ́. Àrùn náà ló fara pamọ́ sí ibi tí ìrònú kì í dé láìní ìrànlọ́wọ́.

Òṣìṣẹ́ ìlera tó mọ èyí kò ní bú ará abúlé ní aláìmọ̀kan. Yóò wá ọ̀nà láti so èṣí mọ́ ọdún yìí níwájú rẹ̀: yóò bu omi adágún sínú ìgò, yóò jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí kòkòrò tó ń ta pọ́npọ́n nínú rẹ̀, kó tó fún un ní aṣọ asẹ́. Sùúrù irú èyí wà lára ohun tó lé sòbìà lọ. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá tún bi yín pé kí ni fílọ́sọ́fì wúlò fún, ẹ mú un lọ sí Ìdèrè.

Ìbejì Igbó-Ọrà

Mo dé síbi tí ẹ ti ń retí mi. Lánàá, mo dúró lọ́dọ̀ àwọn ìyá méjì kan tó ń pa ègúsí lẹ́bàá títì nílùú yìí, Táyé àti Kẹ́hìndé, irun wọn ti funfun. Táyé ń pa tirẹ̀ wàràwàrà, èèpo ń fò káàkiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Kẹ́hìndé ń mú un lẹ́yọ lẹ́yọ, ó ń ṣa èyí tó fọ́ sọ́tọ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyí láti kékeré. Táyé ní, "Inú kan la ti wá, orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la gbé wá." Kẹ́hìndé ní, "Irọ́ ni. Ìyá àgbà ló tọ́ mi, ìyá wa ló tọ́ òun."

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àríyànjiyàn tó dàgbà jù nínú ẹ̀kọ́ wa lẹ gbọ́ yẹn. Òwe wa pàápàá ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ní ọmọ tó máa jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. Òmíràn ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. John Locke ní England, nínú ìwé rẹ̀ ti 1690, wà lẹ́yìn ìrókò: ó ní ọkàn ọmọ tuntun dà bí tákàdá tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí.

Ní 1875, Francis Galton, ará England, rí ọgbọ́n kan dá. Ó ní bí a bá fẹ́ ya àbínibí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀kọ́, ìbejì ni ká wò. Ó kọ ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àwọn ìbejì àti ẹbí wọn, ó sì sọ pé àbínibí ló borí. Ọgbọ́n ńlá ni, a kò ní fi dù ú. Ó ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní 1884 ó ṣí yàrá ìwọ̀n sí Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ènìyàn tó lé ní 9,000 ti san pẹ́ńsì mẹ́ta-mẹ́ta kí wọ́n lè wọn gíga wọn, agbára ọwọ́ wọn, ojú àti etí wọn.

Àmọ́ ta ni Galton? Ní 1869, ọdún mẹ́fà ṣáájú ìwé ìbejì, ó ti tẹ ìwé kan jáde tó fi to àwọn ẹ̀yà ènìyàn ní ipele-ipele, tó sì fi àwa ènìyàn dúdú sí ipele méjì sísàlẹ̀ àwọn ènìyàn tirẹ̀. Kò tíì wọn làákàyè ẹnikẹ́ni nínú wa nígbà náà. Ó ti mọ ibi tó fẹ́ kí ìwọ̀n náà bọ́ sí kó tó gé ọ̀pá. Òun náà ló dá orúkọ sílẹ̀ ní 1883 fún èrò pé kí ìjọba máa yan ẹni tó yẹ kó bímọ, èrò tí wọ́n fi sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di àgàn nípá ní Amẹ́ríkà àti ní Jámánì ayé Hitler. Ní 2020, University College London yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára gbọ̀ngàn tí wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹni tó rìn lójú ọ̀nà rẹ̀ ni Cyril Burt. Láàárín 1955 sí 1966, Burt tẹ èsì jáde nípa àwọn ìbejì tí wọ́n tọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì-méjì 21, ó parí sí 53. Ní 1974, Leon Kamin ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé òǹkà tó fi ìjọra làákàyè wọn hàn kò yẹ̀: 0.771 nígbà tí wọ́n jẹ́ 21, 0.771 nígbà tí wọ́n di 53. Ọlọ́jà tó ń wọn àgbàdo oríṣiríṣi tó ń rí ìwọ̀n kan náà dé ẹ̀kún èérún, ẹ ó yẹ òṣùwọ̀n rẹ̀ wò. Gbogbo ayé ti gba òṣùwọ̀n Burt gbọ́ fún ọdún púpọ̀ kí ẹnì kan tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Igbó-Ọrà ńkọ́? Ní àwọn ọdún 1960 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìbímọ níhìn-ín. Ó rí ìbejì bí 45 nínú ìbímọ 1,000, nígbà tí ti ilẹ̀ Yúróòpù kò fi bẹ́ẹ̀ ju 10 sí 12 lọ. Láti 2018 ni ayé ti ń wá bá yín ṣe ọdún ìbejì. Ohun tí àlejò kì í sábà mọ̀ nìyí: irú ìbejì méjì ló wà. Ẹyin kan lè pín sí méjì, ọmọ méjèèjì a jọra bí ojú àti dígí. Irú èyí kò pọ̀ níbì kan ju ibòmíràn lọ, bíi 3 tàbí 4 nínú 1,000 ni káàkiri ayé. Èkejì ni ẹyin méjì lẹ́ẹ̀kan náà, èyí ló pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Ọ̀pọ̀ ìbejì Igbó-Ọrà kò jọra ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ. Inú ni wọ́n jọ gbé. Àfi bí a bá fi ẹyin kan wé ẹyin méjì, bí Hermann Siemens ti Jámánì ṣe kọ́ ayé ní 1924, ni ọgbọ́n Galton tó lè jẹ́. Táyé àti Kẹ́hìndé tó ń pa ègúsí yẹn jàre àwọn méjèèjì, nítorí nínú ọ̀rọ̀ ẹyin méjì, orí yàtọ̀, ilé sì yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ilasa ńkọ́? Gbogbo ẹni tí mo bi nílùú yìí ló ní ilasa àti àmàlà ló ń fa ìbejì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. John Stuart Mill ti fi ọ̀nà hàn wá ní 1843: má ṣe wo kìkì ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, wo ibi tí kò ti ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ bá mi bi ìyá tó bí ọmọ mẹ́fà ní Igbó-Ọrà tí kò sí ìbejì kan nínú wọn, ṣé òun kì í jẹ ilasa? Ìbéèrè kan yẹn, ọmọ ọdún méjìlá lè béèrè rẹ̀, òun sì ni gbogbo ìwádìí.

Láti Aro dé Ifẹ̀

Àwọn kan ti gé ọ̀pá tiwa. Ní Abẹ́òkúta tí a jọ pààlà, Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aro ní 1954. Dípò kí wọ́n ti aláìsàn ọpọlọ mọ́lé, wọ́n ń fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí wọn. Wọ́n ń gba oògùn, wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́ oko, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá àwọn dókítà jókòó. Ní 1961, ìpàdé àkọ́kọ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Áfíríkà wáyé ní Abẹ́òkúta. Lọ́dún yẹn kan náà, Lámbò àti àwọn olùwádìí láti Cornell ní Amẹ́ríkà wọ abúlé àwọn Yorùbá, wọ́n sì rí i pé a kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tí àwọn dókítà ń pè ní àrùn, bẹ́ẹ̀ gbogbo ènìyàn ló mọ àmì rẹ̀: oorun kò wá, oúnjẹ kò lọ, ayé sú ẹni.

Ní Yunifásítì Ifẹ̀, Olúbí Ṣódípò àti Barry Hallen jókòó ti àwọn oníṣègùn ní Ẹ̀kìtì, wọ́n bi wọ́n ní ìyàtọ̀ tó wà láàárín mímọ̀ àti gbígbàgbọ́. Èsì wọn le: ohun tí ojú rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, ni o mọ̀, ohun tí wọ́n sọ fún ọ, kódà bí olùkọ́ ló sọ ọ́, o gbà á gbọ́ ni. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1986. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àwọn oníṣègùn wọ̀nyí wọn àwa olùkọ́ yunifásítì, mélòó nínú ohun tí a ń kọ́ yín ni a mọ̀?

Ṣáájú ìwé yẹn, sáíkọ́lọ́jì fúnra rẹ̀ ti wọ yunifásítì wa, ní Nsukka ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, lẹ́yìn náà ní Èkó, Ìbàdàn àti Ifẹ̀. Iṣẹ́ náà kò dúró. Ní 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Guréje ti Ìbàdàn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn, ní Nàìjíríà àti Ghana, pé ara àwọn tí orí wọn dàrú máa ń yá dáadáa sí i bí òṣìṣẹ́ ìlera bá ń bá oníṣègùn ìbílẹ̀ àti wòlíì tó ń tọ́jú wọn ṣiṣẹ́ pọ̀. Irúgbìn Aro ló so yẹn.

Ẹ̀bẹ̀ mi

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe ka kọ́ọ̀sì ìtàn sí èyí tí a ń kà kó lè tán. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìdánwò làákàyè lé yín lọ́wọ́ pé kí ẹ fi wọn ọmọ Tápà tàbí Ìgàngàn, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: ta ló ṣe ọ́, ọmọ ta ni wọ́n kọ́kọ́ fi ọ́ wọ̀n, èdè wo lo gbọ́? Bí kò bá dáhùn, ẹ má ṣe fi orúkọ burúkú sọ ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Èrúwà, Láńlátẹ̀ àti Igbó-Ọrà, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fi Yorùbá ro ẹ̀kọ́ yìí kí wọ́n tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìdánwò rẹ̀. Ẹ rán wọn sílé lọ ka iye ọ̀rọ̀ tí ìyá wọn ń lò fún ẹ̀rù.

Ẹ̀yin òbí, ọmọ tó ní òun fẹ́ kọ́ sáíkọ́lọ́jì kò lọ kọ́ iṣẹ́ wèrè. Ìbéèrè tí bàbá mi bi mí níjọ́sí ló ń wá èsì sí.

Ẹ̀yin olùwádìí tí ẹ ń bọ̀ níhìn-ín pẹ̀lú ìwé àti bírò, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì máa padà wá jíhìn. Kò dáa kí àwọn ọ̀mọ̀wé ní òkè òkun mọ̀ pé 45 nínú 1,000 ni, kí Táyé àti Kẹ́hìndé tí wọ́n kà mọ́ ọn máà mọ̀.

Bàbá mi kò sí láyé mọ́. Ó gba ọdún díẹ̀ kí n tó rí èsì tó yẹ ìbéèrè rẹ̀, inú oko yẹn náà ni mo sì ti rí i. Níjọ́ yẹn, lẹ́yìn tó bi mí tán, ó dìde, ó tẹ̀ lé ipasẹ̀ yẹn dé etí igbó, ó sì dẹ tàkúté sẹ́nu ihò kan tí èmi kò rí. Kò rí òkété náà. Ó rí ebè tó hú, ó rí eyín lára ẹ̀gẹ́, ó rí iyẹ̀pẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí. Ó sì mọ oko rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ọkàn rí, Bàbá. Ipasẹ̀ rẹ̀ là ń tẹ̀ lé láti ayé Plato títí di òní. Àmọ́ ẹni tí kò bá mọ oko, ẹ̀gbẹ́ ihò ni yóò máa dẹ tàkúté sí.

Kí Ìbàràpá Méje ó gbòòrò o.